Olóyè Tó Dúró Láàárín Fíìmù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, tí ẹ sì mọ ohun tó ń mú kí ènìyàn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí ọbẹ̀ yóò fi jóná lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò gbà pẹ̀lú mi pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò ní ìdáríjì. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kí ènìyàn dí ojú fíìmù nígbà tó bá dé ibi tó dùn. Bí ọmọdé bá ṣe é, ìfọ́tí ni. Bí àlejò bá ṣe é, a óò wò ó títí yóò fi rántí pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n bí alága ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣe é ńkọ́, tó sì ṣe é nínú ilé gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà? Ìtàn irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, nítorí n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ọládèjì ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Kò tíì pẹ́ tí àwọn ológun fi í ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Àgbàdo tí orúkọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ: ó di Olóyè Ọládèjì, ó di Olóyè Dókítà Ọládèjì, nígbà tó yá ó di Olóyè Dókítà Injiníà Ọládèjì. Ẹ má wulẹ̀ wá Òkè-Àgbàdo nínú àwòrán ìlú Èkó. Ó wà láàárín Mushin àti Surulere, níbi tí àwọn tó ń lọ ra páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ti dókítà yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló fún un. Ti injiníà, ó ní òun ti tún rédíò bàbá òun ṣe rí.

Ọkùnrin náà ga, ó sanra, agbádá rẹ̀ sì ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Victor ni akọ̀wé ìròyìn rẹ̀. Iṣẹ́ Victor ni kí ó máa sọ fún aráyé ohun tí alága ń ṣe, ṣùgbọ́n nítorí pé alága kì í ṣe nǹkan kan, ó di dandan kí Victor máa fi ìyìn dí àyè náà. Bí Olóyè bá sín, Victor á ní, "Gbogbo Òkè-Àgbàdo ti gbọ́ o, sà." Bí Olóyè bá yán, Victor á ṣàlàyé fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé ìrònú nípa omi ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ó sùn. Omi ẹ̀rọ náà kò tíì dé títí di òní.

Ní ọdún 1988, ariwo kan gba òpópónà Odúyọyè. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní apá òsì. Ẹni tí àyà rẹ̀ já jù ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Àrìnpé. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni Àrìnpé ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá wọn dúró níbẹ̀, ó kó gbogbo ohun tí wọ́n fún un, ó fi gba ṣọ́ọ̀bù kan, ó ra ẹ̀rọ fídíò méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ara ṣọ́ọ̀bù yẹn ni oúnjẹ wọn ti ń wá, ara rẹ̀ ni bàtà wọn ti ń wá, kò sì sí ibòmíràn tí nǹkan kan ti ń wá. Bí wọ́n bá wó o, ó parí.

Ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá. Olóyè gbọ́ pé ẹ̀rọ ayàwòrán ń bọ̀, ó sì yọ sí òpópónà Odúyọyè bí ẹni tí wọ́n fi òòfà fà. Ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Àrìnpé gan-an, ó tún agbádá rẹ̀ ká léjìká, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí òun ló ni gbogbo ìtàn yìí:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ojúmọ́ mọ́ fún ní ọjọ́ tí mo gorí oyè! Wọ́n ní mo fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù yín. Èmi? Èmi tí mo fi Òkè-Àgbàdo ṣe ìyàwó kejì?" Níbí, ó wúkọ́, ó fi ìnujú funfun nu iwájú orí rẹ̀. "Mo búra níwájú ẹ̀rọ yìí, kí gbogbo ayé ṣe ẹlẹ́rìí mi. Kí katakata tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní òpópónà Odúyọyè, orí èmi Ọládèjì ni yóò kọ́kọ́ gùn kọjá. Ilẹ̀ yìí ni n óò dùbúlẹ̀ sí!"

Ó nawọ́ sí ilẹ̀, ó sì dákẹ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àrìnpé sunkún nítorí ayọ̀ bá a, kò sì tijú ẹkún náà. Mo mọ̀ pé Olóyè pàápàá gba ohun tó sọ gbọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, nítorí irú wọn máa ń gba ara wọn gbọ́ títí ìpàtẹ́wọ́ yóò fi tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde nínú ìròyìn. Olóyè jókòó nílé, ó rí ara rẹ̀, ó sì kó sínú ìfẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì rí ẹni tó wù ú tó bẹ́ẹ̀. Ó rán Victor lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó bá wá kí i nílé ti di òǹwòran. Wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe bí agbádá bá ti yọ. Ọ̀kan á ní ẹ wo ìrìn, èkejì á ní ẹ wo bí ó ṣe di ìnujú mú, ẹ̀kẹta á ní ọba ni wọn ì bá fi í jẹ. Wọ́n ń pariwo débi pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì ń sọ, Olóyè fúnra rẹ̀ ni kò sì gbọ́ jù. Ojú ló fi ń wo ara rẹ̀, kò fi etí gbọ́ ọ.

Ohun kan ló ń bà á nínú jẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọjá lọ, kò sì tún fẹ́ sọ ọ́ mọ́. Ó ké sí Victor, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe máa fi ohun rere ṣòfò nìyẹn. Victor ronú. Inú rẹ̀ kì í ṣófo bí ọ̀rọ̀ bá dórí ìpọ́nni. Ó ní, "Olóyè, àwọn ènìyàn ò wo ìròyìn mọ́ sà. Fíìmù ni wọ́n ń yá wò. Ẹ jẹ́ ká gbé yín síbi tí ojú wọn wà."

Bí òfin ṣe jáde nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń yá ènìyàn ní fíìmù ní Òkè-Àgbàdo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ alága sí iwájú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa. Àrìnpé kọ́kọ́ rò pé kò le. Ó so ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó ń tẹ Olóyè sára fíìmù Íńdíà, ó ń tẹ̀ ẹ́ sára fíìmù Ṣáínà, ó ń tẹ̀ ẹ́ sára eré àwọn aláwàdà wa. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tù ú nínú, nítorí ìbúra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé bí àwọn bá ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ọkàn àwọn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni ọmọ Èkó. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì sáré kọjá. Olóyè á yọ, á máa sáré mi orí bí adìyẹ tó ń jẹ àgbàdo, á nu ojú fìrì, á sì pòórá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n rán káàkiri ilé láti wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń wò ó ló mú ìròyìn búburú náà dé. Olóyè kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ó pe ìpàdé. Ẹ ò rí ìpàdé rí. Òjò ti fọ́ afárá kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé lé e lórí. Ti kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n jókòó sọ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ dábàá pé kí wọ́n fi í sí ìparí fíìmù, Olóyè sì bi í bóyá òun jọ ẹni tí wọ́n ń fi parí nǹkan. Níkẹyìn, Olóyè dìde, ó ní, "Ibi tó bá dùn jù ni kí ẹ fi mí sí. Ẹni tó bá ń wo ibi tó dùn kì í tẹ bọ́tìnì." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ẹni tí kò bá mọ bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ nǹkan sórí rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Kò sí bí a ó ṣe fi Olóyè sáàárín fíìmù tí kò ní jẹ ibì kan nínú fíìmù náà. Ibi tó sì ń jẹ ni ibi tó dùn jù. Akọni Ṣáínà á fò sókè láti ta ọ̀tá rẹ̀ ní ìpá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀, Olóyè á yọ, á ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n." Nígbà tó bá lọ tán, wọ́n ti ń sin ẹnì kan, ẹ kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń sin. Ọdún náà ni gbogbo Òkè-Àgbàdo fi ń wo fíìmù tí wọn kò mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Àwọn ọkùnrin ń jiyàn lórí rẹ̀ ní ilé onígbàjámọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà tí akọni yẹn kò lè jà.

Victor tún ní kásẹ́ẹ̀tì ni fídíò ìgbéyàwó náà, òfin kàn án. Lydia àti Ọlọ́runfúnmi ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yaba, ẹni tó ya fídíò wọn sì ń gbé ní Òkè-Àgbàdo. Nínú fídíò náà, àlùfáà bi Lydia bóyá ó fẹ́ ọkùnrin yìí, Lydia la ẹnu, Olóyè sì yọ, ó ní, "Èmi? Èmi tí mo fi Òkè-Àgbàdo ṣe ìyàwó kejì?" Nígbà tí àwọn tọkọtaya padà yọ, wọ́n ti ń gé àkàrà òyìnbó. Títí di òní, bí Lydia bá ṣẹ ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà á ní òun kò gbọ́ kí ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni níbì kankan.

Kásẹ́ẹ̀tì kò sì mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá yá a lọ́wọ́ Àrìnpé á fún àbúrò rẹ̀ ní Costain, àbúrò náà á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Makoko, ẹni yẹn náà á tún ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà sí i ni àwọ̀ Olóyè ń yí padà. Ní Mushin, ó pupa. Nígbà tí yóò fi dé Makoko, ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ohùn rẹ̀ sì ń ti ìsàlẹ̀ omi jáde. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Aláwọ̀-Ewé ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n sọ fún Olóyè pé wọ́n ń wò ó dé orí omi, ó dìde dúró, ó sì kí ara rẹ̀ nínú dígí.

Nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ tí Olóyè kò fọkàn sí. Ẹni tó bá wo fíìmù mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbàgbé mọ́. Àwọn ènìyàn há a sórí bí wọ́n ṣe ń há àdúrà sórí. Àwọn ìyá ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí wọ́n bá bi ẹnì kan lọ́nà Ládìpọ̀ bóyá òun ló jí táyà, á ní, "Èmi? Èmi tí mo fi Òkè-Àgbàdo ṣe ìyàwó kejì?" gbogbo ènìyàn á sì wúkọ́. Kò sí ẹni tó ń ronú sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí. Ó ti di orin.

Inú Olóyè dùn débi tí inú dídùn ti ń di àìsàn. Kásẹ́ẹ̀tì kò tó o mọ́. Ó fẹ́ gbọ̀ngàn ńlá kan tí tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yóò wà nínú rẹ̀, kí àwọn ènìyàn máa wá jókòó wo òun láìsí fíìmù tí yóò máa dí òun lọ́wọ́. Ó wọ mọ́tò, ó ń wá ilẹ̀ káàkiri. Ibi tó wù ú ni òpópónà Odúyọyè, ní apá òsì. Ó ní ibẹ̀ mọ́ òun lójú, òun kò kàn rántí ibi tí òun ti rí i.

Wọ́n lẹ̀ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù pé kí gbogbo ènìyàn kó ẹrù wọn. Àrìnpé kà á. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olóyè ní ọ́fíìsì. Victor àti àwọn ìgbìmọ̀ jókòó síbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọmọ mẹ́ta ni mo ń fi ṣọ́ọ̀bù yẹn tọ́. Mi ò níbòmíì tí mo lè lọ."

Olóyè ní kí ó dìde, ó ní ìlọsíwájú kì í béèrè iye ọmọ. Ó ní nígbà tí wọ́n bá kọ́ gbọ̀ngàn náà tán, òun yóò jẹ́ kí Àrìnpé fúnra rẹ̀ jókòó síwájú.

Àrìnpé ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ nínú fídíò sà, pé kí katakata tó—"

Kò parí rẹ̀. Bí Victor ti gbọ́ fídíò, ó ti fò dìde, ó ní fídíò tó gbayì, àwọn ìgbìmọ̀ náà dìde, ọ̀kan ní ẹ wo ìrìn, èkejì ní ẹ wo bí ó ṣe di ìnujú mú, gbogbo yàrá náà kún fún ariwo, Olóyè ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, wọ́n ti mú Àrìnpé jáde. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kòtò níwájú ọ́fíìsì náà, ó sunkún, inú sì bí i gidigidi. Ó bí èmi tí mò ń sọ ọ́ náà.

Ọjọ́ ìwólulẹ̀ dé. Olóyè kò fẹ́ kí ó jẹ́ ìwólulẹ̀ lásán, ó fẹ́ kí ó jẹ́ ayẹyẹ. Ó kọ́ àtíbàbà, ó pe ọ̀gá ṣójà kan láti Ìkejà wá ṣojú ìjọba. Ọ̀gá náà jókòó, ayẹyẹ náà ti sú u, ó ń wo aago. Bàbá Àmúsà, awakọ̀ ìjọba, ló wa katakata náà wá. Katakata náà gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Àrìnpé, ó ń hó kùù. Àrìnpé dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí kò mọ ibi tó máa gbé e lọ. Àwọn aládùúgbò dúró ní apá kejì títì.

Olóyè bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ tuntun ni Victor kọ fún un, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni Olóyè mọ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní:

"Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n…"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò ṣètò rẹ̀. Ènìyàn tó ti gbọ́ orin nígbà ẹgbẹ̀rún kò lè gbọ́ ìlà kìíní kí ó má gbe ìlà kejì. Ẹnì kan lẹ́yìn dáhùn, "Ẹ̀yin tí ojúmọ́ mọ́ fún." Àwọn méjì tàbí mẹ́ta gbè é. Kí Olóyè tó mí, gbogbo títì ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: "Wọ́n ní mo fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù yín. Èmi? Èmi tí mo fi Òkè-Àgbàdo ṣe ìyàwó kejì?" Gbogbo wọn wúkọ́. Gbogbo wọn nu iwájú orí. Àwọn ọlọ́pàá tó wá ṣọ́ ayẹyẹ náà wúkọ́. Victor pàápàá wúkọ́, nítorí ó ti mọ́ ọn lára.

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé wọ́n ń yin òun. Ó ń fi ọwọ́ darí wọn.

Wọ́n wí pé, "Mo búra níwájú ẹ̀rọ yìí, kí gbogbo ayé ṣe ẹlẹ́rìí mi." Ibẹ̀ ni ohùn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Mo ti ní ọ̀rọ̀ náà ti di orin, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohun tó ń wí mọ́. Ṣùgbọ́n bí katakata bá ń hó níwájú ẹni, etí á là. Wọ́n wo katakata, wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dákẹ́. Àrìnpé nìkan ni kò dákẹ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ Olóyè, ó sì sọ ọ́ tán, láìsáré, láìwúkọ́:

"Kí katakata tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní òpópónà Odúyọyè, orí èmi Ọládèjì ni yóò kọ́kọ́ gùn kọjá. Ilẹ̀ yìí ni n óò dùbúlẹ̀ sí."

Bàbá Àmúsà pa katakata. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti wa katakata fún ìjọba láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì fẹ́ràn kí iṣẹ́ ní àbùkù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹríba fún Olóyè.

Ó ní, "Mo ṣe tán sà. Ẹ bọ́ agbádá kí ó má baà dọ̀tí, kí ẹ wá dùbúlẹ̀."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ará Surulere gbọ́ ọ. Òógùn bo Olóyè, ìnujú funfun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rántí fi nu ú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ó yíjú sí Victor, Victor ń wo bàtà rẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo irú wọn máa ń ṣe.

Ó ní, "Èmi kọ́. Ẹni inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi kọ́. Ṣé ẹ ò rí i pé àwọ̀ ewé ló wà lójú rẹ̀ ni?"

Ọ̀gá ṣójà tó ti ń tòògbé lábẹ́ àtíbàbà gbọ́ àwọ̀ ewé, ó sì jí. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó rìn lọ bá Olóyè, ó wò ó láti fìlà dé bàtà. Ó ní ìyàwó òun yá fíìmù Íńdíà kan wá sí bárékè ní oṣù tó kọjá. Ìyá kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọnù láti kékeré. Ìyá náà ti dé ẹnu ọ̀nà ọmọ yẹn, ó ti na ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, òun àti ìyàwó òun ti ń sunkún sílẹ̀ dè é, nígbà tí bàbá kan tí ojú rẹ̀ dàbí ẹ̀fọ́ yọ, tó ń sọ ọ̀rọ̀ òpópónà kan. Nígbà tó lọ, ìyá náà ti kú.

Ó ní, "Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá wọ́n ríra. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ọkùnrin náà. Ṣé ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

Ẹ wo pańpẹ́ tí Olóyè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dẹ. Bí ó bá ní òun ni, ó di dandan kí ó dùbúlẹ̀ síwájú katakata, kí ó sì dáhùn ọ̀rọ̀ fíìmù Íńdíà. Bí ó bá ní òun kọ́, ta ni Olóyè wá fi agbára ìjọba tẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé, ta ni wọ́n sì ń kọ́ gbọ̀ngàn fún? Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti gorí oyè, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó.

Ọ̀gá ṣójà kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní kí Bàbá Àmúsà wa katakata rẹ̀ lọ sí ìdí afárá kékeré tó fọ́ lẹ́yìn ọjà, ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ó ní kí Olóyè jókòó sílé kí ó máa retí ìwé. Ìwé náà kò pẹ́ kí ó tó dé, kò sì sí dókítà tàbí injiníà kankan nínú orúkọ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Victor ló lọ gbé e fún un, ó yára padà, nítorí alága tuntun ti ń bọ̀ lọ́nà, ó sì fẹ́ wà ní ẹnu géètì.

Àrìnpé kó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sórí pákó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn aládùúgbò bá a tò ó. Alága tuntun ní kí gbogbo onífídíò pa ọ̀rọ̀ ẹni àná rẹ́, Àrìnpé sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò gbà. Bí ó bá fún wọn ní èyí tí kò ní Olóyè nínú, wọn á dá a padà pé kò pé. Ṣọ́ọ̀bù náà kún ju ti ìṣáájú lọ. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ilé-ẹ̀kọ́.

Olóyè wà nílé rẹ̀ ní Surulere. Àwọn tó ń wá kí i kò wá mọ́, yàrá àlejò náà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀, Mobọ́lájí, yá fíìmù kan bọ̀ láti òpópónà Odúyọyè, àwọn méjèèjì jókòó wò ó. Fíìmù náà dùn, ó ń dùn sí i, agbádá sì yọ. Olóyè yára na ọwọ́ sí bọ́tìnì.

Mobọ́lájí ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Motọ́lání. Mo fẹ́ràn ibẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó ní ẹ wo ìrìn. Ọkùnrin inú fídíò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó búra, ó nawọ́ sí ilẹ̀. Olóyè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa.

Mobọ́lájí ní, "Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Inú kíṣìnì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ nígbà tí àwọn yẹn ń pariwo. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, ká ní ọkùnrin yìí ni mo fẹ́."

Olóyè na ọwọ́ sí bọ́tìnì. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.